Ọjọ́ Tí Títì Dé Ẹ̀yìnkùlé Wa

Inú balùwẹ̀ ni mo wà nígbà tí ìjọba sọ mí di ará ojú títì.

Mi ò ṣàwàdà o. Balùwẹ̀ wa, páànù ògbólógbòó la fi ká a, kò ní òrùlé, ẹ̀yìn ilé ló sì wà, níbi tó yẹ kí balùwẹ̀ wà. Láàárín òun àti títì ńlá Òkìtìpupa, ilé gbọọrọ kan wà níbẹ̀, ilé bàbá kan tó ń ta sìmẹ́ńtì. Láti kékeré mi, ògiri ilé yẹn ni mò ń wò tí mo bá ń wẹ̀. Mo mọ gbogbo ibi tó ti sán. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti fi ọṣẹ kun orí, mo fi kun ojú, mo dijú pa. Mò ń gbọ́ ariwo katapílà, ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti ń wólé lápá ọ̀hún, etí mi ti mọ́ ọn. Ni ilẹ̀ bá mì. Eruku bò mí. Nígbà tí mo bu omi sójú tí mo lajú, ògiri ti lọ, páànù apá ibẹ̀ náà ti bá a lọ. Títì ló kù. Ọlọ́kadà, onímọ́tò, àwọn obìnrin tó ń gbé epo pupa bọ̀ láti Òde-Ayé, gbogbo wọn ń wò mí.

Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà juwọ́ sí mi. "Ẹ kú ìwẹ̀ o!"

Mo dá a lóhùn. Kí ni mi ò bá ṣe? Wọ́n kọ́ wa nílé pé tí wọ́n bá kíni, kéèyàn jẹ́ ẹ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìjọba ti ní àwọn fẹ́ tún ìlú ṣe. Wọ́n á fẹ títì, wọ́n á la gọ́tà, wọ́n á ri iná sójú títì. Àwọn kan wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára gbogbo ilé tó wà níwájú. Wọn ò kọ nǹkan kan sára tiwa. Inú mi dùn débi pé mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún ara mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn mí. Fọ́ọ̀mù tíírì ni mo dé nílé ìwé tí mo fi padà sílé. Wọ́n ní owó ni kò sí, ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọpọlọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ sí. Ó yẹ kí ẹni tó bá ní ọpọlọ mọ̀ pé tí wọ́n bá wó ilé tó wà níwájú, ilé tó wà lẹ́yìn ló máa di iwájú.

Bàbá onísìmẹ́ńtì yẹn kì í pè wá lórúkọ nígbà ayé ilé ẹ̀. "Ará ẹ̀yìn" ló ń pè wá. Télọ̀ ni mí, sùtánà ni mo máa ń rán jù, torí pé àwọn Aládùúrà pọ̀ ládùúgbò wa, wọn kì í sì í pariwo tí ọwọ́ aṣọ bá gùn díẹ̀ ju ara wọn lọ. Tí oníbàárà bá wá, tó béèrè mi lọ́wọ́ bàbá yẹn, kò ní yí ọrùn. Á fi pákò ẹnu ẹ̀ júwe ẹ̀yìn. "Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ilé mi, ẹ rọra o, ẹ máa rí ihò kan. Inú ẹ̀ ló wà."

Èmi àti àbúrò bàbá mi obìnrin la jọ ń gbé inú ihò náà. Ìyá ni mò ń pè é. Nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú ní Ìjù-Odò, bàbá mi lọ gbé e wá, ó fún un ní yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn, ó ní títí ayé ni. Bàbá mi náà ti kú báyìí. Ìyá wá di àgbà nílé wa, ìpinnu kankan ò lè kọjá lẹ́yìn ẹ̀. Ìdí tí mo ṣe ń sọ èyí ni pé gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, orí yàrá yẹn ló dá lé: ṣé Ìyá á kú síbẹ̀, àbí wọ́n á ta ilé mọ́ ọn lórí.

Nǹkan kan ṣì wà níbẹ̀ tí mi ò tíì sọ. Ẹ̀yìnkùlé la sin bàbá mi sí. Òun ló mú ibẹ̀ fúnra ẹ̀ kó tó kú, ó ní òun fẹ́ ibi tó parọ́rọ́. A fi táìsì funfun tẹ́ ojú ibojì náà, Ìyá sì máa ń sá sùtánà ẹ̀ sórí ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wó ilé iwájú, bàbá mi náà di ará ojú títì. Kò pẹ́ tí wọ́n la gọ́tà tán, mo jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n jókòó lórí ẹ̀ kítikìti, wọ́n ń dúró de mọ́tò Ìlútítun. Obìnrin kan tilẹ̀ ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹnu mi ò lè pa dé.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò mọ̀ pé ibojì nìyẹn?"

Obìnrin náà wo abẹ́ ara ẹ̀, ó wo mí. "A mọ̀ o. Ó tutù dáadáa. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere."

Ṣé kí n lé wọn? Mo wọlé lọ pe Ìyá, mo rò pé ó máa bú wọn. Ó jáde, ó wò wọ́n, ó ní, "Tí ẹ bá ń lọ, ẹ fi aṣọ nù ún o. Ibẹ̀ ni mò ń sá aṣọ sí." Láàárín oṣù kan, àwọn onímọ́tò ti ń pe ibẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù. "Ta ló bọ́ ní Ibojì? Ibojì wà ńbẹ̀ o!" Bàbá mi tí kò fẹ́ ariwo.

Ìgbà náà ni ajẹ́ńtì kan dé. Ọ̀dọ́kùnrin tó wọ bàtà tó mú lẹ́nu, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé ó fẹ́ rán aṣọ, mo ti mú téèpù lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ máa ta ìdí ilé yìí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó dárúkọ iye kan. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo jókòó. Mi ò ní kọ iye náà síbí torí pé ó ṣì ń dẹ́rù bà mí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bàbá mi wá ayálégbé sí yàrá ẹ̀gbẹ́ títí tó fi kú, kò rí. Àwọn tó wá wò ó ní inú kọ̀rọ̀ ló wà.

Mo ní, "Àbúrò, ilé yìí ń jò o. Ikán ti jẹ ìdajì àjà."

"Ilé kẹ̀?" Ó wo òrùlé wa bí ẹni wo adìẹ tó ṣàárẹ̀. "Ta ló ń sọ ti ilé? Ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́. Ilé, wọ́n á wó o."

Ó dùn mí o. Ilé tí bàbá mi fi gbogbo owó kòkó kọ́, tí a jọ pọn omi mọ bíríkì ẹ̀, kò sí nínú ìṣirò rárá. Ibi tó dúró sí nìkan ló níye lórí. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, mi ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ tàbí kí n bínú.

Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni nǹkan tuntun ń yà mí lẹ́nu. Onígbàjámọ̀ tó wà nísàlẹ̀ wa, onílé ẹ̀ sọ owó ṣọ́ọ̀bù di ìlọ́po láàárín ọjọ́ kan, ó kó jígí ẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó gba ọ̀nà Ìlútítun lọ. Obìnrin alákàrà tẹ̀ lé e. Ìlú ń dára, títì ń dán, iná ń tàn, àwa tí wọ́n ní àwọn tún un ṣe fún la ń kó ẹrù. Èmi tí mo ń rán aṣọ nínú ihò, mo wá di ẹni tí àwọn èèyàn ń kí ní "Alàgbà". Alàgbà! Aṣọ tí mo wọ̀ ní ihò lábíyá.

Bàbá onísìmẹ́ńtì ló yà mí lẹ́nu jù. Wọ́n san owó gbà-má-bínú fún un. Ó gbà á, ó yọ̀, ó ní òun á fi ra ilẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kó tó yí padà, àwọn tó wà lẹ́yìn náà ti gbọ́ pé títì ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó tó yẹ kó ra ilẹ̀ kan ò ra ìdajì ẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wá bá wa. Ilé wa ti yí sódì nígbà yẹn: iwájú wa ti di ẹ̀yìn, ilé ìdáná wa ló kọjú sí títì. Bàbá náà dúró sẹ́bàá ibojì, kò mọ ibi tó máa gbà wọlé. Bàbá tó ti ń wo ilé wa láti ogójì ọdún.

Ìyá yọjú láti ojú fèrèsé. "Ẹ gba ẹ̀gbẹ́," ó ní. "Ẹ rọra o. Ẹ máa rí ihò kan."

Bàbá náà dúró síbẹ̀. Ojú tì mí fún un. Lójijì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀, mi ò wá mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀rín níbẹ̀ mọ́.

"Ìyá, ẹ ti mú mi," ó ní. "Ṣé yàrá ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣì ṣófo?"

A fún un. Kò fẹ́ràn kí n máa pè é ní ayálégbé, nítorí náà mi ò pè é. Mo kàn ń ronú ẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi wá dé láti Èkó. Àkọ́bí bàbá wa ni, ìyàwó àgbà ló bí i, èmi ni ọmọ ìyàwó kékeré. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá, kò wá mọ́. Òrùlé jò, mo pè é, ó ní ètò ò tíì tò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí, mi ò mọ ẹni tó sọ fún un, àfi bíi pé afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Ó gbé mọ́tò ẹ̀ dé, ó mú ẹni tó fẹ́ rà á lẹ́yìn, ọkùnrin tó sanra tó ń nu ojú ṣáá. A jókòó ní pálọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àbúrò, ṣé o mọ̀ pé irú èyí kì í wá lẹ́ẹ̀mejì?"

Mo dìde. Mo ti ń dúró de ọjọ́ yẹn. Mo sọ ọ́ bí agbẹjọ́rò. Mo ní bàbá wa fún Ìyá ní yàrá títí ayé, mo ní níbo ni wọ́n fẹ́ kí arúgbó yìí lọ, mo ní tí a bá ta ilé yìí, ojú bàbá là ń ta. Mo tún fi òyìnbó tó kù lórí mi kún un. "Nẹ́fà!" ni mo wí, ìyẹn ni pé láéláé. "Nẹ́fà, nẹ́fà!"

Gbogbo wa kọjú sí Ìyá. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ fi ṣe pupuru, kò gbójú sókè.

"Ẹ tà á," ló wí.

Mo rò pé etí mi ló di. "Ìyá?"

"Mo ní ẹ tà á. Àbí èdè wo ni mo sọ?"

Mo jókòó. Kò sí nǹkan tó ti bá mi lójijì bẹ́ẹ̀ rí, àti ti balùwẹ̀ pàápàá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ ò ní fi ẹ̀gbọ́n mi tó wà nínú ibojì sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ máa gbé e lọ sóko wa lọ́nà Ìjù-Odò."

Ọkùnrin tó sanra náà ní kò burú, òun á san owó lébìrà.

"Lébìrà á parí ẹ̀," Ìyá ní. Ó fi ìka na ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ ló máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ lo kọ́kọ́ da yẹ̀pẹ̀ lé e lọ́jọ́ tí a sin ín. Ìwọ náà lo máa kọ́kọ́ bu ú kúrò. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò sí ẹlòmíì tó lè bá ọ ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kò le, Ìyá." Ó ní ọjọ́ Sátidé.

Láàárọ̀ Sátidé, Ìyá wọ sùtánà, ó bọ́ bàtà, ó gbàdúrà yí ibojì náà ká. "Bàbá, ẹ dìde o, a fẹ́ gbéra." Ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ àlàárì kan tí kò yẹ kéèyàn wọ̀ sídìí iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ dúró sápá kan, bàbá onísìmẹ́ńtì dúró sápá kejì. Àwọn lébìrà ti gbé díígà àti ṣọ́bìrì dé. Ìṣòro tó wà ni pé àwọn èrò Ìlútítun ti jókòó. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde. Wọ́n dìde, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń wòran.

Ẹ̀gbọ́n mi gba díígà. Ó gbé e sókè.

Obìnrin kan tó ru agbọ̀n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, ṣé ẹ fẹ́ hú ibẹ̀ ni? Níbo la ó wá máa jókòó sí?"

Díígà náà wà lókè. Mò ń wo ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé ó ń wá ibi tó máa kọ́kọ́ gbá. Ó gbé e wálẹ̀ wẹ́rẹ́, kò kan táìsì náà. Ó tún gbé e sókè. Ó tún gbé e wálẹ̀. Ó wá wo ojú táìsì funfun yẹn, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kì í ṣe fún wa.

"Bàbá mi, ẹ ò ṣe sọ̀rọ̀?"

Ó fi díígà lélẹ̀, ó jókòó sórí ibojì. Àwọn èrò rí i pé ó jókòó, àwọn náà padà jókòó. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe tò síbẹ̀, àkọ́bí bàbá mi láàárín àwọn tó ń lọ sí Ìlútítun. Mọ́tò dé. Kọ̀ndọ́, tí kò mọ nǹkan kan, fọwọ́ kàn án léjìká. "Alàgbà, ẹ wọlé, ẹnì kan ló kù."

Ṣé ẹ mọ̀ pé ó wọlé? Ẹ̀gbọ́n mi tó gbé mọ́tò ara ẹ̀ wá láti Èkó, ó wọ mọ́tò èrò, ó lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló padà wá gbé mọ́tò ẹ̀, ó kí Ìyá láti inú ẹ̀, kò bọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ nu ojú. "Ṣé a ò tà mọ́ ni?"

"Ẹ ti rí i," Ìyá wí. Ọkùnrin náà wo ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Ilé yẹn ò ní ibojì lẹ́yìn. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti wó o, ibi tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ báyìí ti ga ju igi àgbọn wa lọ.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán lálẹ́ Sátidé yẹn, inú mi ń dùn, mo lọ bá Ìyá ní yàrá ẹ̀ láti kí i. Mo ti ń sọ̀rọ̀ kí n tó wọlé. "Ìyá, ẹ gbọ́n o! Ẹ ti mọ̀ pé kò ní lè ṣe é. Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe é!"

Mo wọlé.

Yàrá náà ti ṣófo. Ẹní ti wà ní kíká. Ìkòkò wà nínú ìkòkò. Jígí ti kúrò lára ògiri, ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀ funfun ju ibi yòókù lọ. Àpótí sùtánà ẹ̀ wà láàárín yàrá, ó ti fi okùn dì í yíká lẹ́ẹ̀mejì. Òun fúnra ẹ̀ jókòó lórí ẹ̀.

"Kí ni mo mọ̀?" ó ní. "Mo ti dì í láti àná. Mo rò pé òní la ń lọ."

"Ìyá, àmọ́ yàrá yìí..."

"Ọma mi, wo fèrèsé yẹn." Iná ojú títì ti tàn, ó wọlé gbalaja, ó mọ́ nílẹ̀ yàrá bíi ti ọ̀sán. "Láti ìgbà tí wọ́n ti ri iná yẹn, mi ò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Kọ̀ndọ́ ń pariwo ibojì, ibojì sí mi létí kí n tó gbàdúrà òwúrọ̀. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi gbé mi sí, ibi tó dákẹ́ ni. Ibẹ̀ kọ́ nìyí mọ́. Mo fẹ́ lọ síbi tí mo ti lè gbọ́ ohùn ara mi."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"O ò bi mí. O kàn ń bá wọn jà lórí orúkọ mi. Ìwọ lo ò fẹ́ lọ."

Gbogbo nẹ́fà tí mo ṣe ní pálọ̀, kò sí èyí tó bi í léèrè ohun tó fẹ́. Mo dúró síbẹ̀ nínú iná ìjọba, mò ń wo ojú funfun tí jígí fi sílẹ̀ lára ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣe ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ra aṣọ dúdú tó nípọn, mo rán kọ́tìnnì sí fèrèsé náà, mo fi aṣọ mìíràn tẹ́ inú ẹ̀. Ó gùn ju fèrèsé lọ díẹ̀, gbogbo ohun tí mo bá rán ló ń gùn. Ìyá fọwọ́ kàn án, ó ní ó dára. Ó ní ariwo ńkọ́, ìyẹn ò ní kọ́tìnnì.

Ẹ̀gbọ́n mi ti tún pè láti Èkó. Ó ní ẹlòmíì ti dé, iye tó dárúkọ ti fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ jìnnà. Ó bi mí bóyá Ìyá ṣì sọ pé òun ló máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun á tún pè, ó pa fóònù.

Ìyá ti tẹ́ ẹní ẹ̀ padà, torí pé kò lè sùn nílẹ̀ lásán. Ó gbé ìkòkò kan jáde, èyí tó fi ń sebẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí yẹn ṣì wà láàárín yàrá. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá wọlé lọ kí i, ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí ló wà, mo sì máa ń wo okùn náà kí n tó dìde. Kò tíì tú u.